Alùpùpù tó ń pariwo lórí ìdúró

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ má sì bi mí pé kí ló kan nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ó kàn mí dáadáa.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà akérò ní Kòsọ́fẹ́, níbi tí Ọjọ́ta wa wà. Àmọ́ alùpùpù ò tíì tán nílé. Láàárọ̀ kùtù, wọ́n á ṣíná sí i ní pásèèjì, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó máa gbóná, ẹ́ńjìnnì á sì máa sáré bí ẹni pé ẹnì kan ń gùn ún lọ sí Máìlì 12. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Lórí ìdúró, ẹ́ńjìnnì alùpùpù kékeré kì í sábà yí ju nǹkan bí ìgbà 1,400 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá sáré jù, ó ń jẹ epo dànù nìyẹn, bí wọ́n bá sì ki í sí jíà, ó lè fò síwájú lójijì. Ọmọ tó dúró níwájú rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wo ṣóòkù. Ẹlòmíràn á fà á láàárọ̀, á gbàgbé láti dá a padà. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ gbé e jáde sí gbangba, ẹ fi sí nútírà, kí ẹni tó ni ín yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ohùn rẹ̀ bá ń ga sí i, wáyà iná ló le jù tàbí tó há síbì kan. Kí mẹkáníìkì dẹ̀ ẹ́.

Bí ohùn ò bá yí padà, ẹ fura sí rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó máa ń là, afẹ́fẹ́ tí a ò pè á sì gbabẹ̀ wọlé. Kí mẹkáníìkì fọ́n omi ọṣẹ díẹ̀ síbẹ̀: bí ohùn bá yí padà, rọ́bà tuntun ló kù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bẹntiróòlù dán an wò o, iná lè ràn.

Síkúrù síló ló yẹ kó gbẹ̀yìn, àmọ́ òun làwọn tó ń kánjú máa ń kọ́kọ́ yí. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa ni kí wọ́n yí i.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èéfín. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú rẹ̀ tí kò láwọ̀, tí kò rùn, tó máa ń gba ààyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má ṣíná sí alùpùpù ní pásèèjì tàbí lábẹ́ fèrèsé, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú méjì. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí wọ́n ń bì, ẹ má pè é ní ibà. Ẹ kó gbogbo wọn jáde síta, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ.

Bí sàléńsà bá jó ọmọ lẹ́sẹ̀, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Bí ojú iná náà bá ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ, tàbí tó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Sàléńsà sì máa ń gbóná fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì, nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni kí wọ́n máa kọ sí ògiri.