Bílíọ̀nù: ọ̀rọ̀ kan, iye méjì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin aládùúgbò mi kan ní OPIC Estate níbí gbé ìwé àdéhùn kan wá bá mi. Láti Kútọnu ni ìwé náà ti wá, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó rí "un milliard" níbẹ̀, ó ní mílíọ̀nù kan ni. Mo ní, "Ọmọ mi, fara balẹ̀!"

Milliard ni ohun tí àwa ń pè ní bílíọ̀nù: ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù, òdo mẹ́sàn-án. "Billion" inú ìwé Faransé wá ńkọ́? Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni ìyẹn, òdo méjìlá.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, òdo méjìlá ni wọ́n ń kà á sí tẹ́lẹ̀; àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń lo mẹ́sàn-án. Ní oṣù Kejìlá 1974 ni Harold Wilson, olórí ìjọba wọn, fèsì nílé aṣòfin pé ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ni àwọn mínísítà òun yóò máa lò ó fún. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ní tiwa, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, owó ẹyọ ẹ̀kún àpò kan. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni mílíọ̀nù kan. Ọ̀kẹ́ 50,000 ni bílíọ̀nù òde òní. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti owó ńlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka òdo kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.