Ọ̀rẹ́, Ìdánìkanwà àti Àlá tí Kò Ṣẹ nínú Ìtàn Àwọn Alágbàṣe Oko

(Àròkọ Alálàyé)

Ìbéèrè: Ṣàlàyé bí ọ̀rẹ́ ṣíṣe, ìdánìkanwà àti àlá tí kò ṣẹ ṣe hàn nínú ìtàn àròsọ kan tí ó dá lórí àwọn tí ń kúrò nílé lọ ṣe àgbàṣe oko.

Ìmọ̀ràn: A kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù máàkì nìyí. Wá okùn kan tí yóò so ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí o sì fi ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìwé gbe ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀. Okùn tí mo lò nísàlẹ̀ yìí ni pé ọ̀rẹ́ ni ó ń mú kí àlá alágbàṣe dà bí ohun tí ó lè ṣẹ. Bí ọ̀rẹ́ bá lọ, àlá a bá a lọ.

Àpẹẹrẹ Àròkọ

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni àgbẹ̀ Yorùbá ń gbà rí ọwọ́ kún ọwọ́ tirẹ̀ lóko. Àáró ni ti àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń bá ara wọn ro oko ní ìkọ̀ọ̀kan: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ọ̀wẹ̀ ni ti ìgbà tí ènìyàn bẹ ẹbí àti ará láti wá bá a ṣe iṣẹ́ ńlá ní ọjọ́ kan, irú èyí tí àna máa ń ṣe fún bàbá ìyàwó, tí oúnjẹ àti ọtí sì máa ń wà níbẹ̀. Àgbàṣe ni ẹ̀kẹta: ẹni tí ó ni oko sanwó, ẹni tí kò ní oko ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ ni ó ń pe ènìyàn sí àáró, ṣùgbọ́n owó ni ó ń pe ènìyàn sí àgbàṣe. Bí iṣẹ́ bá parí, tí owó bá wọ àpò, kò sí ohun tí ó so alágbàṣe kan mọ́ èkejì mọ́.

Àwa ará Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun mọ irú ìgbésí ayé yìí. Láti ìgbà tí kòkó ti ń mówó wọlé ni àwọn ọkùnrin láti ìlú apá ọ̀dàn ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wá iṣẹ́ nínú igbó kòkó. Lóde òní, àwọn Àgàtú, àwọn Ìgbìrà àti àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Benin náà ń wá ṣe àgbàṣe lóko ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni ìtàn tí a fẹ́ yẹ̀ wò ti ṣẹlẹ̀, kò ṣàjèjì sí wa.

Of Mice and Men ni orúkọ ìwé náà. John Steinbeck, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní ọdún 1962, ni ó kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún 1937. Ọ̀rẹ́ méjì ni ó wà nídìí ìtàn yìí: George, tí ara rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, àti Lennie, òmìrán tí òye rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Wọ́n jọ ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn, George ni ó sì ń ronú fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n dé oko tuntun, ọ̀gá oko fura sí George. Ó rò pé ńṣe ni ó ń gba owó Lennie. Ìfura yìí ṣe pàtàkì. Níbi tí owó nìkan ti so ènìyàn pọ̀, ọ̀rẹ́ tòótọ́ a máa jọ olè lójú àwọn ẹlòmíràn.

Ìdánìkanwà ni ó gba oko náà kan. Soledad ni ìlú tí ó wà nítòsí, ìtumọ̀ orúkọ yìí ní èdè Sípéènì sì ni ìdánìkanwà. George a máa dá nìkan ta káàdì. Candy, bàbá arúgbó tí ẹ̀rọ gé ọwọ́ rẹ̀ kan, kò ní ju ajá rẹ̀ lọ. Àwọn yòókù ní ajá náà ti gbó, ó ń rùn, Carlson sì mú un jáde lọ yìnbọn pa. Crooks, ènìyàn dúdú tí ń tọ́jú ẹṣin, kò gbọ́dọ̀ sùn níbi tí àwọn aláwọ̀ funfun ń sùn. Ó ń dá gbé inú yàrá ìjánu ẹṣin pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ìyàwó Curley, ọmọ ọ̀gá oko, kò tilẹ̀ ní orúkọ nínú ìwé náà. Yorùbá ní ènìyàn ni aṣọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìhòòhò ni gbogbo wọn wà.

Àlá George àti Lennie kò tóbi: ilé kékeré kan, ilẹ̀ díẹ̀, àti ehoro tí Lennie yóò máa tọ́jú. Dọ́là 600 ni owó ilẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni títí Candy fi gbọ́, tí ó sì ní òun yóò fi dọ́là 350 kún un. Crooks pàápàá, tí ó ti kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wá bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ènìyàn ṣe ń pọ̀ sí i yí àlá náà ká, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sún mọ́ òtítọ́. Wọ́n fẹ́ fi àáró rọ́pò àgbàṣe.

Ṣùgbọ́n Lennie kò mọ agbára ọwọ́ rẹ̀. Ó ń fọwọ́ pa irun ìyàwó Curley; ìyẹn kígbe, ẹ̀rù ba Lennie, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Curley kó ènìyàn jọ láti lọ pa á. Candy ti sọ fún George tẹ́lẹ̀ pé ó dun òun pé òun jẹ́ kí ẹlòmíràn pa ajá òun. George bá Lennie létí odò, ó tún ìtàn ehoro sọ fún un, ó sì yìnbọn fún un kí àwọn yòókù tó dé. Owó Candy ṣì wà nílẹ̀. Ilẹ̀ náà kò sá lọ. Síbẹ̀ àlá ti parí, nítorí ẹni tí George ń lá a fún kò sí mọ́.

Kì í ṣe ọwọ́ Lennie nìkan ni ó ba àlá yìí jẹ́. Láti ọdún 1929 ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, ẹni tí kò ní ilẹ̀ kò sì mọ ibi tí òun yóò sùn lọ́la. Àwọn bàbá wa tọ́ irú rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ oko, ni ó padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Ní àkótán, ìwé yìí fi hàn pé ìdánìkanwà ni ìyà tí ó tóbi jù fún alágbàṣe, pé ọ̀rẹ́ ni oògùn rẹ̀, àti pé àlá kì í dúró lórí owó nìkan.

Àkíyèsí fún Akẹ́kọ̀ọ́

Wo bí àáró tí a fi bẹ̀rẹ̀ ṣe padà wá nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ àlá. Má ṣe mú àpẹẹrẹ wọlé kí o sì gbàgbé rẹ̀ sójú ọ̀nà.

Bàbá mi, ọmọ Ìlobùú, bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Ìfọ́n, lọ ṣe àgbàṣe nínú igbó kòkó kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n jọ ń tọ́jú owó láti ra ẹ̀rọ ìlọta. Àìsàn mú ọ̀rẹ́ náà lọ. Bàbá mi gbé ìpín rẹ̀ wá fún àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìfọ́n, kò dín kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, owó tirẹ̀ nìkan tó ra ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò rà á. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, “Ta ni ǹ bá máa bá lọ̀ ọ́?”

Bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, má ṣe fi rọ́pò ìdáhùn rẹ. Ìwé ni a bi ọ́ léèrè. Ṣùgbọ́n lọ bi àwọn àgbà kí ìdánwò tó dé. Yóò jẹ́ kí o mọ ohun tí o ń kọ.