Ayédèrú Apakòkòrò Kọ̀ǹpútà: Oríkì, Ìdámọ̀ àti Ìyọkúrò Rẹ̀

1. Ìfáárà

Àwọn ètò kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní olùtọ́jú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé àwọn gan-an ni àrùn tí ó ń ṣe é. Ọgbọ́n wọn ni láti fi ọ̀rọ̀ da jìnnìjìnnì bo olùlò, kí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọn wọlé, kí ó sì tún sanwó fún wọn. Nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni ohun ìjà wọn, ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tí kò ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún oníṣègùn àti fún ẹlẹ́tàn yóò máa ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ya àwọn orúkọ náà sọ́tọ̀, kí ó sì ṣàlàyé bí a ṣe lè dá ayédèrú mọ̀ àti bí a ṣe lè yọ ọ́ kúrò.

2. Oríkì àwọn ọ̀rọ̀

'Ètò' níhìn-ín dúró fún àkójọ àṣẹ tí ènìyàn kọ kí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1984, Fred Cohen, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, lo 'fáírọ́ọ̀sì' fún ètò tí ó lè da ẹ̀dà ara rẹ̀ sínú ètò mìíràn. Lẹ́nu àwọn olùlò lónìí, ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò dé orí gbogbo ètò tí a fi ète ibi kọ. 'Kòkòrò kọ̀ǹpútà' bá ìtumọ̀ gbígbòòrò yìí mu, nítorí pé Yorùbá ti ń lo 'kòkòrò' fún ohun tí ń fa àrùn, yálà èyí tí ojú rí tàbí èyí tí ojú kò rí. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kò ní ẹ̀mí. Ènìyàn ni ó kọ ọ́.

'Apakòkòrò' jẹ́ àbájáde àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'a-' àti àpólà-ìṣe 'pa kòkòrò', gẹ́gẹ́ bí 'apẹja' ti rí. Orúkọ yìí ti wà lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ fún oògùn tí wọ́n ń fín sí ohun ọ̀gbìn. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a pe ti ẹ̀rọ ní 'apakòkòrò kọ̀ǹpútà'.

'Ayédèrú' kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ayédèrú owó tàbí ayédèrú oògùn. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá tẹ́lẹ̀ ni ó sábà máa ń ra ayédèrú oògùn. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ dá ṣáṣá ni ayédèrú apakòkòrò máa ń kọ́kọ́ sọ fún pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ìdí nìyí tí ó fi bọ́ sábẹ́ ìsọ̀rí kan tí a lè pè ní 'ètò adẹ́rùbani'. Kí a má sì ṣe pe apakòkòrò tòótọ́ tí kòkòrò kan yọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní ayédèrú: èyí ní àléébù, ète ayédèrú ni ó burú.

3. Àpẹẹrẹ láti inú ìtàn

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1988 + 20, ìyẹn 2008, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dáàbò bo oníbàárà, pe ilé-iṣẹ́ Innovative Marketing àti ByteHosting lẹ́jọ́ lórí WinFixer, WinAntivirus àti àwọn ètò mìíràn. Àjọ náà sọ pé iye ènìyàn tí wọ́n tàn jẹ lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ dá owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 163 dọ́là lé olùjẹ́jọ́ tí ó kù lórí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, MacDefender fi hàn pé ẹ̀rọ Apple náà kò bọ́ nínú ewu yìí.

Ẹjọ́ ọdún 2019 ni ó kọ́ni lọ́gbọ́n jù. Office Depot àti Support.com gbà láti san mílíọ̀nù 35 dọ́là nítorí ètò àyẹ̀wò kan. Ẹ̀sùn àjọ náà ni pé ìdáhùn oníbàárà sí ìbéèrè bíi 'ṣé ẹ̀rọ rẹ ń falẹ̀?' ni ó ń pinnu èsì, kì í ṣe ohun tí àyẹ̀wò rí nínú ẹ̀rọ.

4. Àmì ìdámọ̀

(i) Ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kò lè dá wọ inú àwọn fáìlì kọ̀ǹpútà láti ka kòkòrò. Èyíkéyìí tí ó bá sọ pé òun ti kà á, irọ́ ni ó ń pa.

(ii) Ayédèrú máa ń rí àìmọye kòkòrò láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

(iii) Ó máa ń kánjú: aago ń ka sẹ́yìn, nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀, owó ni ìwòsàn. Owó nìkan kọ́ ni àmì o, nítorí pé a ń ta apakòkòrò tòótọ́ pẹ̀lú; ìkánjú àti ìdẹ́rùbani tí ó bá owó rìn ni kí a fura sí.

(iv) Èyí tí ó ti wọlé lè dí apakòkòrò tòótọ́ àti Task Manager lọ́wọ́ kí wọ́n má lè ṣí.

5. Ìyọkúrò

Bí ó bá jẹ́ ojú-ìwé lásán ni, kí olùlò má tẹ bọ́tìnnì kankan nínú rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n kọ 'pa á dé' sí. Kí ó ti Chrome tàbí Edge tí ó ń lò pa láti inú Task Manager. Bí ìkìlọ̀ bá ń yọ ní igun ojú ẹ̀rọ lemọ́lemọ́, ó ṣeé ṣe kí olùlò ti fún ojú-ìwé kan láyè láti máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́. Inú ètò kan náà ni yóò ti gba àyè náà padà.

Bí ayédèrú bá ti wọ inú Windows, àwọn ìgbésẹ̀ nìyí:

(a) Kí a já ẹ̀rọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a má sì sanwó. Ẹni tí ó bá ti sanwó, kí ó sọ fún báǹkì rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n lè dí káàdì náà.

(b) Bí ayédèrú kò bá jẹ́ kí iṣẹ́ ṣeé ṣe, kí a tún ẹ̀rọ tàn ní ipò Safe Mode, níbi tí Windows kì í ti í jí ju ohun tí kò ṣeé máà ní lọ. Kí a wá yọ ètò náà kúrò nínú àkójọ àwọn ètò tí a gbé wọlé.

(d) Kí a lo Microsoft Defender, tí ó ti ń bá Windows wá gẹ́gẹ́ bí apakòkòrò láti orí Windows 8 ti ọdún 2012. Àyẹ̀wò Offline rẹ̀ dára jù, nítorí pé kí Windows tó jí ni ó ń ṣe é, nígbà tí ayédèrú kò tíì lè gbèjà ara rẹ̀.

(e) Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Kí a yẹ ètò proxy àti fáìlì hosts wò, nítorí pé ibẹ̀ ni ayédèrú lè ti darí olùlò gba ọ̀nà tí kò mọ̀. Kí a sì yọ àfikún àjèjì kúrò nínú Chrome tàbí Edge.

(ẹ) Láti orí ẹ̀rọ mìíràn, kí a pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ti báǹkì àti ti lẹ́tà orí ẹ̀rọ. Bí àmì bá tún yọ, kí a da ẹ̀dà àwọn ìwé wa kọ síbòmíràn, kí a sì tún Windows gbé kalẹ̀ látilẹ̀.

6. Ìkádìí

Ó hàn gbangba pé ohun tí ayédèrú apakòkòrò ń jẹ ni àìmọ̀ olùlò nípa ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Bí 'kòkòrò', 'apakòkòrò', 'ayédèrú' àti 'adẹ́rùbani' bá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú èdè, olùlò tí kò gbọ́ èdè mìíràn náà yóò lè bi ìkìlọ̀ ojú ẹ̀rọ léèrè pé: ta ni ó rán ọ, kí sì ni o fi rí ohun tí o ní o rí?