Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló ń di símẹ́ńtì mú nínú gbòǹgbò eyín?

Ṣé ẹ mọ̀ pé eyín náà ní símẹ́ńtì tirẹ̀?

1. Bí dókítà bá fọ ihò gbòǹgbò eyín mọ́ tán, ó gbọ́dọ̀ dí i pa. Bí símẹ́ńtì kò bá lẹ̀ mọ́ ògiri ihò náà, kòkòrò àrùn á tún ráyè wọlé.

2. MTA, ìyẹn irú símẹ́ńtì eyín kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1993, bá símẹ́ńtì ìkọ́lé tan gan-an! Àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó le. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń po kalisíọ́mù kílóráìdì mọ́ ọn.

3. Ṣùgbọ́n títètè le yàtọ̀ sí lílẹ̀ o! Láti mọ bí símẹ́ńtì ṣe lẹ̀ tó, àwọn olùwádìí á gé gbòǹgbò eyín tí wọ́n ti yọ sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á fi irin tín-ín-rín ti símẹ́ńtì inú rẹ̀ títí yóò fi yọ, wọ́n á sì wo bí agbára tó gbà ṣe tó.

Ta lẹ mọ̀ tí eyín ń dùn? Ẹ fi ránṣẹ́ sí i.