Ta ni yóò gbálẹ̀? Ipò ìkẹyìn nínú àjọ̀dún orin àti nínú Ẹ̀fẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu

Ìbéèrè tí mo fẹ́ tú palẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ṣòroó sọ: bí ẹgbẹ́ olórin bá pọ̀ ní àjọ̀dún kan, èwo ló tọ́ sí kó gbẹ̀yìn wọlé, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lókè pátápátá lórí ìwé ìpolówó? Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní iléèwé, ohun tí mo sì mọ̀ tí à ń pe irú olórin bẹ́ẹ̀ ni tête d'affiche, ìyẹn ẹni tó wà ní orí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. N kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó bá a mu rẹ́gí. Mo kọ́kọ́ rò pé Yorùbá tèmi ni kò tó. Ìgbà tí mo padà sí Idigny láti ṣe ìwádìí ni mo wá rí i pé ìdí mìíràn wà: àwọn tó ni alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀ kì í ka ipò ìkẹyìn sí ẹ̀bùn tí à ń fún ẹni tó gbajúmọ̀ jù.

Idigny jẹ́ ọ̀kan lára àwọn arrondissement tó wà lábẹ́ Kétu, ní ìhà àríwá ìlú náà, kò sì jìnnà sí ààlà Nàìjíríà. Yorùbá là ń sọ nílé. Bí ẹ bá tan rédíò lálẹ́, fújì àti jùjú láti òdìkejì ààlà lè ti gba etí yín kí orin Cotonou tó dé. Àríyànjiyàn tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn ará ìlú kan ń ṣètò ọjọ́ àṣà. Àlejò yóò wá, owó díẹ̀ wà nílẹ̀, ìtàgé kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ yá, ẹni tó ni ẹ̀rọ agbóhùnsókè, tí gbogbo wa ń pè ní sono, sì ti sọ pé wákàtí mẹ́fà péré ni òun lè fi ṣiṣẹ́. Mo ní kọ̀ǹpútà, nítorí náà èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé.

Àwọn ọ̀dọ́ ní ẹgbẹ́ onígìtá kan láti Cotonou ni kó gbẹ̀yìn. Wọ́n ní òun ló máa kó èrò wá, èrò ló sì máa ra ọtí àti oúnjẹ tí owó ọjọ́ náà yóò fi padà. Àwọn kan ní rárá, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, nítorí pé a kò lè pe ọjọ́ kan ní ọjọ́ àṣà kí àlejò wá borí onílé. Ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ni mo dúró sí. Mo rán wọn létí pé ní ọdún 2001, nígbà tí UNESCO kọ́kọ́ kéde àwọn ohun àjogúnbá mọ́kàndínlógún láti gbogbo ayé, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lára wọn, àti pé ní ọdún 2008 ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá ọmọ ènìyàn ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Mo ní ohun tí gbogbo ayé ti gbé sórí kò yẹ kó ṣáájú ẹgbẹ́ tí a háyà. Ni mo bá tẹ̀ ẹ́ sínú ètò: Ẹ̀fẹ̀, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì sí aago méjìlá òru. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko, òun ló sì gbẹ̀yìn. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti gbèjà àwọn bàbá.

Bàbá kan tó ti kọrin Ẹ̀fẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ ní kí n ka ètò náà fún òun. Mo kà á. Ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Ta ni yóò gbálẹ̀?"

Mo dáhùn pé a ti ní àwọn ọmọdékùnrin tí yóò gbá pápá náà ní òwúrọ̀, a ó sì fún wọn lówó. Gbogbo àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo sọ.

Ní Kétu àti àyíká rẹ̀, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ ni olórin tí gbogbo ìlú ń dúró dè ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀. Bí a bá fi ojú àjọ̀dún òde òní wò ó, orúkọ rẹ̀ ni ì bá wà lókè. Ṣùgbọ́n kì í dá wọlé. Ẹni tó dúró fún Èṣù ń ṣáájú, nítorí pé ọ̀nà kì í là láìjẹ́ pé Èṣù gbà. Arabi Ajígbálẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a máa gbá ojú agbo kúrò nínú ohun tí a rí àti ohun tí a kò rí. Agbéná ń gbé iná wá. Tètèdé ní tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ó tètè dé, ó ń kọrin, ó ń pe Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ kí ó jáde. Ìlú kan lè ní ju báyìí lọ, òmíràn lè dín in kù, ṣùgbọ́n ìlànà náà kan náà ni. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn tó ṣáájú wọ̀nyí tí ó wà níbẹ̀ láti fi pa àkókò títí ọ̀gá yóò fi dé. Ọ̀kan ṣí ọ̀nà, ọ̀kan tún ilẹ̀ ṣe, ọ̀kan mú ìmọ́lẹ̀ wá, ọ̀kan sì pe ẹni tí a ń retí. Bí a bá yọ wọ́n kúrò, tí a wá fi Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ nìkan sí òpin ètò, a kò fún un ní ipò ìkẹyìn. Ó wulẹ̀ di ẹni tó pẹ́ dé ni.

Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Mo gé orí ọ̀rọ̀, mo gé ìdí rẹ̀, mo wá gbé àárín rẹ̀ sókè pé mo bu ọlá fún un.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà tún ní wàhálà tirẹ̀. Kí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ tó sọ ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ júbà: ìbà òrìṣà, ìbà àwọn ìyá wa tí agbára ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ìbà àwọn àgbà, ìbà àwọn tó ti kọrin kí ó tó kọrin. Ẹ̀yìn èyí ni àdúrà fún ìlú, oríkì àwọn ẹni ńlá, ìròyìn àwọn tó kú láàárín ọdún, àti ẹ̀fẹ̀ gan-an, ìyẹn yẹ̀yẹ́ àti ìbáwí. Agbo ń gbè é, ìyá-ìlù àti àwọn omele ń dáhùn, ó sì lè di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ní alẹ́ yẹn ó ní àṣẹ láti dárúkọ olè, ọ̀gá tó jẹ owó ìlú, ọkọ tó ń lu aya rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá náà bóyá kò lè yan orin mẹ́ta tó dára jù fún ìtàgé. Ó ní òun lè yan mẹ́ta, ṣùgbọ́n àwọn tó bá gbọ́ wọn láìgbọ́ ìbà yóò rò pé èébú lásán ni òun ń bú ènìyàn.

Nígbà náà ni mo wá bi í ohun tó yẹ kí n ti bi í láti ìbẹ̀rẹ̀: ta ló tọ́ sí kó jẹ́ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀? Ohùn, ó ní, nítorí pé gbangba ọjà ni. Ọpọlọ tó lè gba orin púpọ̀ dúró láìsí ìwé. Ìwà tí àwọn ìyá fara mọ́, tí Ìyálàṣẹ gbà. Ó wá fi ọ̀kan kún un tí n kò retí: ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò jí sí ìlú náà lọ́jọ́ kejì. "Ẹni tí mo bá bá wí lóru, ọjà kan náà la jọ ń ná. Àwọn ará Cotonou yóò kó gìtá wọn sínú ọkọ̀, wọ́n á lọ."

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ náà sọ. Níbi tí a ti ń sanwó wọlé, ẹni tó ń kó èrò wá ló ń san owó epo ẹ̀rọ iná, owó ìtàgé, àti owó àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí ẹnìkan kò mọ̀. Ibi tí orúkọ olórin wà lórí ìwé ìpolówó sì máa ń bá iye tí yóò gbà rìn. Ìdí nìyí tí ìjà fi ń wà lórí bí lẹ́tà ṣe tóbi tó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Burna Boy, ọmọ Nàìjíríà, bínú ní gbangba nítorí pé àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún Coachella ní Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní nísàlẹ̀ ìwé ìpolówó wọn, ó sì pe ara rẹ̀ ní òmìrán Áfríkà. Àwọn kan bú u pé ó gbéra ga. Ó lọ kọrin níbẹ̀ ní oṣù kẹrin, nígbà tó sì di oṣù keje ó gbé àwo orin jáde, African Giant ni ó sì pè é. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú, ìhà tirẹ̀ ni mo sì máa ń wà. Lẹ́tà kékeré náà sọ ibi tí wọ́n fi gbogbo wa sí.

Síbẹ̀ ipò ìkẹyìn lè tan ènìyàn jẹ, kódà níbi tí lẹ́tà ti tóbi. Ní Woodstock, ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, Jimi Hendrix ló gbẹ̀yìn. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló yẹ kó kọrin, ṣùgbọ́n òjò àti ìdádúró ti ètò náà di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tó wá sì ti lọ sílé. Ohun tí ayé rántí jù nínú àjọ̀dún náà, àwọn díẹ̀ tó kù nínú ẹrẹ̀ ló fi ojú rí i.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, FESTAC wáyé ní Èkó láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni nígbà náà pé ta ni olórin Èkó tó yẹ kó dúró níwájú àlejò, orúkọ Fẹlá kò ní pẹ́ẹ́ jáde. Fẹlá ti jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń ṣètò, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò nítorí pé kò fara mọ́ bí àwọn ológun ṣe ń darí rẹ̀. Ilé orin rẹ̀, Shrine, ni ó ti ń kọrin ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwọn olórin tó wá láti òkè òkun sì ń lọ bá a níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí FESTAC parí, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, àwọn sójà jó ilé rẹ̀, Kalakuta. Mo máa ń rántí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ bí mo bá ronú lórí èyí. Ẹnu tí ọ̀kan fi ń bá ìlú wí ní ààbò. Ti èkejì kò ní.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí èmi àti àwọn bàbá kò ti fẹnu kò. Bí Ẹ̀fẹ̀ kò bá kúrò ní ọjà rárá, àwọn ọmọ Idigny tó wà ní Cotonou àti Èkó yóò gbàgbé rẹ̀, ẹni tó ń kọ ọ́ kò sì ní í rí kọ́bọ̀ nínú owó tí ìjọba ń ná lórí àṣà. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi fún wọn. Ní ọ̀sán, ijó ló ṣe pàtàkì jù, a sì lè pín in sí wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọdé ló ń kọ́kọ́ jáde, ère wọn lórí, ẹsẹ̀ wọn kò tíì mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa. Àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọ̀gá ló ń gbẹ̀yìn, méjì méjì, tí ẹsẹ̀ wọn àti ìlù kì í fi ara wọn sílẹ̀. Níbí, ẹni tó mọ̀ ọ́n jó jù ló ń jó kẹ́yìn, àwọn òǹwòran sì ń jiyàn nípa rẹ̀ láìsí ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe pé àṣà wa kò mọ ohun tí à ń pè ní ẹni tó tọ́ sí òpin. Ọ̀sán ní ìdíje, òru ní ètò, èmi sì fi ìwọ̀n ọ̀sán wọn òru.

Wọ́n gba èyí. Ètò tí mo tún tẹ̀ fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí ìrọ̀lẹ́, ọmọdé ṣáájú, ọ̀gá kẹ́yìn, kí oòrùn tó wọ̀; ẹgbẹ́ Cotonou ló gba òpin lórí ìtàgé, orúkọ wọn sì wà lókè ìwé ìpolówó bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe fẹ́. Ẹ̀fẹ̀ kò sí nínú ètò rárá. Wọ́n fi í sí òru ọjọ́ tó ṣáájú, ní ọjà, láìsí sono àti láìsí aago, pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ń ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù. Ohun tó wà nínú ètò nìkan ni àwọn tó ń fúnni lówó máa ń san owó rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì yọ Ẹ̀fẹ̀ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo ń pa kọ̀ǹpútà dé, Ìyálàṣẹ, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, bi mí pé epo tí Agbéná máa fi tan iná, abẹ́ orúkọ ta ni mo kọ ọ́ sí? Mo tún un ṣí.