Òwú Tàbí Omi: Èwo Ni Ó Yẹ Èrìgì Wa?

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí kò mọ èrìgì. Òun ni ahọ́n wa ń sún lọ bá nígbà tí a bá ń pe t, d, s àti l, tí a fi ń pè wọ́n ní àfèrìgìpè. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń bèèrè àlàáfíà èrìgì kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀?

Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí a máa kó ara wọn jọ sí ìdí eyín, wọn a di èérí tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Pákò àti búrọ́ọ̀ṣì ń fọ ojú eyín mọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé àárín eyín méjì. Bí èérí bá pẹ́ níbẹ̀, èrìgì yóò wú, yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè ba egungun tí ó di eyín mú jẹ́, eyín yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Òwú ni ó kọ́kọ́ dé. Ní 1819, Levi Spear Parmly, oníṣègùn eyín ní New Orleans, kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a máa fi òwú sílíìkì gba àárín eyín. Ní 1962 ni Gerald Moyer, oníṣègùn eyín, àti John Mattingly, onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣe ẹ̀rọ tí ń tu omi sáàárín eyín, ní Colorado ní Amẹ́ríkà.

Òwú a máa ha èérí kúrò lára eyín. Omi a máa fi agbára ṣàn án dànù. Omi rọrùn fún ẹni tí wọ́n fi wáyà to eyín rẹ̀, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ kò gba òwú. Ní 2019, àwọn onímọ̀ Cochrane gbé ìwádìí 35 yẹ̀ wò lórí ìtọ́jú àárín eyín. Wọ́n rí i pé òwú, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, lè dín àrùn èrìgì kù ju búrọ́ọ̀ṣì nìkan lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò tíì lágbára.

Ní tèmi, òwú ni ó bá àpò akẹ́kọ̀ọ́ mu: kò wọ́n, kò sì béèrè iná mànàmáná. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ, kí ó lò ó. Èyí tí a bá lè lò lójoojúmọ́ ni ó dára jù. Ẹ má ṣe torí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáwọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí oníṣègùn eyín, nítorí èérí tí ó ti le bí òkúta, òwú kò lè yọ ọ́, omi kò sì lè ṣí i.