Mẹkáníìkì tó ń wá ibi tí Mẹ̀sí àtijọ́ ti ń jò

Wọ́n lè yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára Mercedes-Benz 300D kan tó jáde ní ọdún 1983, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì máa dún lọ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó bá a wí. Kì í ṣe iṣẹ́ àǹjọ̀nú. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ náà dáadáa yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò wá irin kékeré kan tí wọ́n kọ STOP sí, yóò tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní Jámánì ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ kan lè dé tí kọ́kọ́rọ́ kò ní lè pa á. Ìdí tí kọ́kọ́rọ́ kò fi pa á ló wá ku ẹni tí yóò wádìí rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́.

Ọkọ̀ bẹntiróòlù ń fi iná pulọ́ọ̀gì ṣiṣẹ́. Bí a bá ti pa iná yẹn, ọkọ̀ kú nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì dísù, bíi ti 300D, kò nílò iná pulọ́ọ̀gì láti máa sáré. Ńṣe ni ẹ́ńjìnnì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná débi tí epo yóò gbiná fúnra rẹ̀, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dá a dúró gbọ́dọ̀ sé epo mọ́ ọn. Fákúùmù ni iléeṣẹ́ Mercedes fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú 300D, ìyẹn agbára ìfà tó máa ń wà níbi tí wọ́n bá ti fa afẹ́fẹ́ kúrò. Bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́ padà, ọ̀nà kan yóò ṣí lẹ́yìn ibi kọ́kọ́rọ́ náà. Ìfà yóò gba inú páìpù ike tín-ín-rín aláwọ̀ búráùn lọ sẹ́yìn pọ́ǹpù epo, yóò fa awọ rọ́bà kan níbẹ̀, awọ náà yóò sì fa irin tó ń sé epo. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé níbikíbi lójú ọ̀nà yẹn, ìfà kò ní tó, epo yóò sì máa lọ.

Ó lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọkọ̀ irú yìí, W123, tí wọ́n tà láàárín ọdún 1976 sí 1986, pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹ́ńjìnnì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó wà lára àwọn ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ń pè ní mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ nígbà tí ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Nínú irú rẹ̀ tó ní éà-kọ̀ńdísọ̀nà aládàáṣe, fákúùmù yìí kan náà ló ń ṣí ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà, tó sì ń tì í. Òun ló ń ti àwọn ilẹ̀kùn yòókù bí awakọ̀ bá ti ti tirẹ̀, búùtù àti ìdérí ojú táǹkì epo lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ lórí búrékì, òun ló sì ń jẹ́ kí jíà aládàáṣe pààrọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Pọ́ǹpù kan ṣoṣo tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì ló ń pèsè fún gbogbo wọn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ṣe irú rẹ̀. Láti ọdún 1968 títí di 1982, fákúùmù ló ń gbé iná iwájú Chevrolet Corvette sókè lálẹ́, bí rọ́bà kan bá sì ti jò, iná kan lè là kí èkejì dijú. Ṣáájú ìgbà náà, fákúùmù ló ń yí ohun tó ń nu òjò kúrò lójú gíláàsì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè nínú òjò, tí awakọ̀ fẹ́ ríran jù, ni nǹkan náà máa ń rọra ṣe.

Ìdí tí fákúùmù fi wù wọ́n kò le. Kò pariwo, kì í jóná, kò sì nílò mọ́tọ̀ nínú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ rọ́bà àti ike ni ọ̀nà rẹ̀, oòrùn àti ooru ẹ́ńjìnnì sì ń gbẹ rọ́bà. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ìsopọ̀ tó rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti le gbandi, ó ti sán, awọ inú ilẹ̀kùn sì ti ya. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí ibi tó ń jò àti ibi tó ń ráhùn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Awọ tó ya nínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lè jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kọ̀ láti kú. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.

Bí iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe pín ní Nàìjíríà tún dá kún un. Rewáyà ni ẹlẹ́rọ iná, páńẹ́ẹ̀lì bítà ló ń tún ara ọkọ̀ ṣe, ẹni tó ń ṣe éà-kọ̀ńdísọ̀nà wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń ṣe jíà wà lọ́tọ̀, mẹkáníìkì sì mójú tó ẹ́ńjìnnì àti búrékì. Bí a ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ náà nìyẹn. Òbí rẹ̀ yóò fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́, yóò sìn fún ọdún tí wọ́n bá ṣàdéhùn lé lórí, wọn yóò sì ṣe fíríìdọ̀mù fún un pẹ̀lú àdúrà àti fọ́tò. Ètò yìí ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ìrìn-kiri, ẹ̀ka kan ṣoṣo lọmọ iṣẹ́ sì máa ń jáde pẹ̀lú rẹ̀. Fákúùmù kò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀ka. Bí ilẹ̀kùn kò bá tì mọ́, ọlọ́kọ̀ yóò lọ bá rewáyà. Bí atẹ́gùn bá kọ̀ láti jáde láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù, tó jẹ́ ojú gíláàsì iwájú nìkan ló ń fẹ́ sí, ẹni tó ń fún ọkọ̀ ní gáàsì ló máa wá lọ. Bí jíà bá ń gbá, ẹni tó ń ṣe jíà yóò dámọ̀ràn pé kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn mẹ́ta lè gbowó lórí ihò kan ṣoṣo, kí wọ́n fi ihò náà sílẹ̀ níbi tó wà, láìsí pé ẹnì kankan nínú wọn purọ́.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í kọ́kọ́ tú nǹkan. Pọ́ǹpù ọwọ́ tó ní aago lára ni irinṣẹ́ rẹ̀, èyí tó ń ka ìfà ní íǹṣì mẹ́kúrì. Ní Èkó tó wà létí òkun, ìwọ̀n tó ga jù tó ṣeé rí kò ju nǹkan bí 30 lọ. Ní Jos tó wà lórí òkè, nǹkan bí 26 ni, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Mẹkáníìkì yóò so aago mọ́ páìpù ńlá tó ti ara pọ́ǹpù wá, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lórí ìdúró. Bí aago bá kọjá 20, ara pọ́ǹpù yá, kí wọ́n má wulẹ̀ fi owó ra tuntun. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń gbọ́ ariwo irin níwájú ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ ti di kíákíá: bí bẹ́rìn inú pọ́ǹpù bá fọ́, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè bọ́ sáàárín ṣéènì, ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ pátápátá.

Lẹ́yìn pọ́ǹpù ló kan pípín. Gbogbo ẹ̀ka tó yà kúrò lára páìpù ńlá ni yóò dí, yóò sì máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ojú rẹ̀ má kúrò lára aago. Ẹ̀ka tí aago bá ti wálẹ̀ nígbà tó ṣí i ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka ilẹ̀kùn, yóò tún un pín sí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, búùtù, ìdérí táǹkì àti agbada tí wọ́n ń tọ́jú ìfà sí lẹ́yìn ọkọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka aláwọ̀ búráùn, yóò fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa ẹ̀yìn pọ́ǹpù epo tààrà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ibẹ̀ kò níṣòro, kó padà sẹ́yìn kọ́kọ́rọ́. Àmọ́ bó bá rí òróró nínú páìpù búráùn yẹn, awọ tó wà níbẹ̀ ti ya nìyẹn, ìfà sì ti ń mu òróró láti inú pọ́ǹpù epo.

Ọgbọ́n fọ́gánáísà kò wúlò níbí. Ọṣẹ tí wọ́n ń fi wá ihò lára táyà ń hó nítorí pé afẹ́fẹ́ ń jáde, níbí, ńṣe ló ń wọlé. Lára ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, àwọn kan máa ń da epo sórí rọ́bà láti gbọ́ bóyá ìró ẹ́ńjìnnì yóò yí padà. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ó sì ti tó láti dáná sun ọkọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín sínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti pa sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún W124, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí V-boot, etí ṣe pàtàkì. Pọ́ǹpù kékeré tó ń lo iná ló ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀, abẹ́ àga ẹ̀yìn ló sì wà. Bí ara bá yá, yóò kùn díẹ̀, yóò dákẹ́. Bó bá ń kùn lọ láìdákẹ́ títí tó fi pa ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ ti ń jò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ra pọ́ǹpù tuntun nítorí pé èyí tó wà níbẹ̀ jóná, láì wá ihò tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ àṣekú. Tuntun náà yóò jóná.

Owó ló wá ku. Lónìí, ọlọ́kọ̀ kì í jiyàn bí wọ́n bá so kọ̀ǹpútà mọ́ Toyota rẹ̀ tí wọ́n sì ní kó sanwó àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n 300D kò ní ojú tí wọ́n ń so kọ̀ǹpútà mọ́. Bí mẹkáníìkì bá fi wákàtí mẹ́ta wá ihò, tó wá fi rọ́bà tí kò tó nǹkan tún un ṣe, oníbàárà yóò wo rọ́bà náà, yóò sì bèèrè ohun tó fẹ́ gbowó lé lórí. Èyí tó pààrọ̀ pọ́ǹpù tó dáa ní ohun tó lè tọ́ka sí. Ó ṣòro láti dá ọmọ iṣẹ́ lẹ́bi bó bá kọ́ èyí tó ń mówó wọlé.

Níbi tí ọkọ̀ àtijọ́ ti di ohun ìṣúra, owó àyẹ̀wò kì í fa ìjà. Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọkọ̀ tó ti pé ọgbọ̀n ọdún ní nọ́ńbà tó ní lẹ́tà H lára ní ọdún 1997, bí ayẹ̀wòkọ̀ bá jẹ́rìí pé ó ṣì wà bí wọ́n ti ṣe é. Mercedes fúnra rẹ̀ ṣí ibùdó fún ọkọ̀ àtijọ́ ní Fellbach, nítòsí Stuttgart, ní ọdún 1993. Àmọ́ ní ọjà Ládípọ̀, ní Mushin, ẹ̀yà tòkúnbọ̀ ni èèyàn sábà máa ń rí, awọ inú rẹ̀ sì lè dàgbà tó èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Mẹkáníìkì tó gbọ́n máa ń mú pọ́ǹpù ọwọ́ rẹ̀ dání lọ sọ́jà. Yóò fà á níwájú olùtajà, yóò wò ó bóyá aago dúró, kó tó san kọ́bọ̀.

Irinṣẹ́ kan náà ṣì wúlò lára ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá. Àwọn Tesla Model S àkọ́kọ́, tó jáde ní ọdún 2012, ní pọ́ǹpù fákúùmù tó ń lo iná fún búrékì wọn, nítorí pé kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè fa afẹ́fẹ́ fún wọn. Páìpù wà níbẹ̀, fáàfù wà níbẹ̀, rọ́bà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.